“Ṣé Bartley ni?”

Gbólóhùn kan wà nínú Riders to the Sea, eré tí John Millington Synge kọ, tó dá mi dúró ní odindi ìrọ̀lẹ́ kan nígbà tí mò ń gbìyànjú láti tú eré náà sí Yorùbá. Àwọn ọkùnrin ń gbé nǹkan kan bọ̀ láti etí òkun, omi ń kán sílẹ̀ lára rẹ̀ bí wọ́n ti ń bọ̀, wọ́n gbé e wọlé lórí pákó, wọ́n fi àjákù aṣọ ìgbòkun bò ó, wọ́n sì tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Kí wọ́n tó gbé e wọlé, Cathleen, ọmọbìnrin ilé náà, ti rọra bi àwọn obìnrin tó ti wọlé léèrè ẹni tí wọ́n ń gbé bọ̀. Gẹ̀ẹ́sì tí Synge fi sí i lẹ́nu jẹ́ irú èyí tí olùkọ́ ilé ìwé máa fi bíró pupa fà lálà: ó pe orúkọ Bartley síwájú, ó sì tún mú ọ̀rọ̀ ìṣe wá gbè é lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kejì. Mo kọ ọ́ ní oríṣi mẹ́ta tó gùn tó sì wúwo kí ojú mi tó là, tí mo rí i pé ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa máa bi àwọn tó gbé òkú wọlé gan-an ló wà níwájú mi: “Ṣé Bartley ni?”

Kò sí ohun tó kù láti tún ṣe sí i. Èdè Írẹ́lándì, èyí tí àwọn baba ńlá àwọn ènìyàn inú eré náà ń sọ kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé bá wọn, máa ń gbé ohun tó bá fẹ́ tẹnu mọ́ síwájú gbólóhùn, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń fi “ni” ṣe é. Nígbà tí àwọn ará ìwọ̀ oòrùn Írẹ́lándì wá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbé ètò èdè tiwọn wọ inú rẹ̀, Synge sì fi etí gbé e kúrò lẹ́nu wọn sórí ìwé. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ka àwọn òǹkọ̀wé eré Írẹ́lándì lọ́nà mìíràn. Mo fẹ́ mọ ohun tí oníkálukú wọn fi èdè ṣe, nítorí pé èdè tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ́gun wọn ni púpọ̀ nínú wọn fi di olókìkí ní gbogbo ayé.

Kí n kọ́kọ́ sọ eré náà fún ẹni tí kò tíì kà á. Ìdá kan ṣoṣo ni, kò sì gùn tó wákàtí kan. Ọdún 1904 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Dublin. Maurya jẹ́ ìyá arúgbó ní erékùṣù kan ní ìwọ̀ oòrùn Írẹ́lándì. Òkun ti gba bàbá ọkọ rẹ̀, ó ti gba ọkọ rẹ̀, ó ti gba mẹ́rin nínú ọmọkùnrin mẹ́fà tó bí. Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, ó ti di ọjọ́ kẹsàn-án tí wọ́n ti ń wá ẹni karùn-ún, Michael. Àlùfáà ti fi ìdì aṣọ kékeré kan rán sí àwọn ọmọbìnrin ilé, Cathleen àti Nora: ẹ̀wù kan àti ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ kan tí wọ́n bọ́ lára òkú kan tó léfòó ní Donegal lápá àríwá. Ẹ̀wù kò lè jẹ́rìí, nítorí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní ọjà. Nora bá mú ìbọ̀sẹ̀ náà, ó ń ka ojú ìhun rẹ̀. Ó ní ìkejì nínú ìbọ̀sẹ̀ kẹta tí òun hun fún Michael ni, pé ọgọ́ta ojú ni òun dá sí i, tí mẹ́rin sì já mọ́ òun lọ́wọ́. Iye tó bá lára rẹ̀ nìyẹn.

Mo ka ibẹ̀ sétí ìyá mi. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, òwú àti abẹ́rẹ́ kò sì tíì kúrò lọ́wọ́ wọn. Fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọ tuntun ni wọ́n máa ń hun fún àwọn abiyamọ àdúgbò. Wọ́n dá iṣẹ́ ọwọ́ wọn dúró. Wọ́n ní, “Òótọ́ ni. Tí ojú kan bá ti já mọ́ mi lọ́wọ́, bí wọ́n gbé e dé Sókótó, màá mọ̀ ọ́n.” Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n tún ibẹ̀ kà. Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé ojú mẹ́rin tó já yẹn lágbára ju igbe ẹkún èyíkéyìí tí òǹkọ̀wé lè kọ lọ.

Bartley, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó kù, fẹ́ sọdá lọ ta ẹṣin ní ọjà Galway. Ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí kó má lọ, kò gbọ́. Ó jáde, ìyá kò sì súre fún un. Búrẹ́dì tí wọ́n ń yan fún un lọ́wọ́ ni wọ́n gbàgbé láti fún un. Cathleen rán ìyá wọn sáré lọ sí ibi orísun omi, kó lè pàdé rẹ̀ lọ́nà, kó fún un ní oúnjẹ, kó sì súre tó yẹ fún un. Maurya padà dé, búrẹ́dì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun rí Bartley lórí abo ẹṣin pupa, ọmọ náà sì kí òun ní orúkọ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n nígbà tí òun fẹ́ dá a lóhùn, nǹkan kan fún ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ òun lọ́fun. Ẹṣin aláwọ̀ eérú ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, Michael tó ti kú ló sì jókòó lórí rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ tó dára lọ́rùn àti bàtà tuntun lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá dàgbà láàárín àwa tí a kì í jẹ́ kí ọmọ jáde lọ sí ìrìn àjò láìjẹ́ pé ìyá gbé ọwọ́ lé e lórí kò nílò àlàyé kankan níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé òkú Bartley wọlé, ẹṣin aláwọ̀ eérú náà ló tì í sínú òkun.

Ìdí ogiri ni pákó funfun tuntun ti fara ti láti ìbẹ̀rẹ̀ eré. Ìyá ló rà á fún pósí Michael. Wọ́n wá fẹ́ fi kan pósí Bartley, wọ́n sì wá ìṣó, kò sí. Ọkùnrin kan ṣe kàyéfì pé ẹni tí wọ́n ti kan pósí tó báyìí lójú rẹ̀ gbàgbé ìṣó. Mi ò mọ òǹkọ̀wé mìíràn tó lè fi ìṣó lásán, tí kò tilẹ̀ sí níbẹ̀, sọ ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nípa Synge ni pé kì í ṣe ọmọ àwọn tó kọ ìtàn wọn. Ìdílé àwọn onílẹ̀ ló ti wá, àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì tí baba ńlá wọn ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Ìyá rẹ̀ le koko nínú ẹ̀sìn, arákùnrin rẹ̀ sì wà lára àwọn tó ń lé àwọn tálákà tí kò rí owó ilẹ̀ san kúrò nínú ilé. Ní 1871 ni wọ́n bí i ní Rathfarnham, lẹ́bàá Dublin. Fayolíìnì ló kọ́kọ́ fẹ́ fi ṣiṣẹ́ jẹun, ó sì lọ sí Jámánì ní 1893 láti kọ́ṣẹ́ orin, ṣùgbọ́n ojora kò jẹ́ kó lè ta á níwájú èrò. Ó lọ sí Paris. Níbẹ̀ ni akéwì William Butler Yeats ti bá a ní 1896, tó sì gbà á nímọ̀ràn pé kó lọ gbé ní erékùṣù Aran, ní ìwọ̀ oòrùn Írẹ́lándì, kó lọ sọ ìtàn ayé àwọn tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ tiwọn. Ní 1898 ni ó kọ́kọ́ lọ, ó sì ń padà lọ lọ́dọọdún títí di 1902. Ó ti kọ́ èdè Írẹ́lándì díẹ̀ ní yunifásítì. Ní Aran ló ti wá gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń fi í sun ẹkún, tó sì ń fi í ná ọjà.

Etí rẹ̀ ló fi ṣiṣẹ́ jù. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé rẹ̀ pé nígbà tí òun ń kọ The Shadow of the Glen, ihò kékeré kan wà nínú pákó ilẹ̀ yàrá tí òun wọ̀ sí ní Wicklow, ibẹ̀ ni òun sì ti ń gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ń sọ nínú ilé ìdáná nísàlẹ̀. Ó ní ihò náà ran òun lọ́wọ́ ju ìwé kíkà èyíkéyìí lọ. Àwọn kan bínú sí i nítorí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ní ọmọ olówó ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ọ̀dọ̀. Mo rí ohun tí wọ́n ń wí, kò sì yẹ kí a fojú fò ó. Síbẹ̀ mo ti ka ìwé àwọn tó ń gbé láàárín ènìyàn tí etí wọn kò sì gbọ́ nǹkan kan.

Obìnrin kan wà tó ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kí Synge tó bẹ̀rẹ̀, tí mo sì gbà pé wọn kò tíì fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ tán. Augusta Gregory, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Lady Gregory, jẹ́ opó onílé ńlá kan ní Coole, ní agbègbè Galway. Ó kọ́ èdè Írẹ́lándì, ó ń ti ilé dé ilé gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn tálákà Kiltartan nítòsí ilé rẹ̀, ó sì ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ eré. Láti ìgbà náà kò dáwọ́ dúró mọ́: Spreading the News, The Gaol Gate, The Rising of the Moon, àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ mìíràn. Cathleen ni Houlihan, eré 1902 tó gbé ọkàn àwọn ọ̀dọ́ Írẹ́lándì sókè láti jà fún òmìnira, orúkọ Yeats ni wọ́n fi ń pè é fún ọ̀pọ̀ ọdún, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ Lady Gregory ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn òṣèré ń sọ. Ó fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sára ìwé àkọ́kọ́ pé apá ìbẹ̀rẹ̀ náà, tèmi nìkan ni. Pẹ́ńsù yẹn kì í kúrò lọ́kàn mi.

Òun, Yeats àti Synge ló jọ darí Abbey Theatre, tó ṣílẹ̀kùn ní Dublin ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 1904, pẹ̀lú owó tí Annie Horniman, obìnrin ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, fi sílẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣe The Playboy of the Western World ní ọjọ́ 26 oṣù Kìíní ọdún 1907. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Christy Mahon, sá wọ ilé ọtí kan ní etíkun Mayo, ó ní òun ti fi ṣọ́bìrì la bàbá òun lórí pa. Dípò kí wọ́n pe ọlọ́pàá, wọ́n sọ ọ́ di akọni. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin ń gbé ẹ̀bùn wá fún un, Pegeen Mike, ọmọ onílé ọtí, sì fẹ́ fẹ́ ẹ. Àfi bí bàbá tí wọ́n ní ó kú ṣe wọlé dé, ti òun ti aṣọ tí wọ́n fi di orí rẹ̀. Nígbà tí Christy tún là á mọ́lẹ̀ lójú gbogbo wọn, àwọn tó ń yìn ín lánàá ló dè é lókùn. Ìtàn pípa bàbá dùn létí wọn níwọ̀n ìgbà tó bá ti ọ̀nà jíjìn wá. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni Synge ti gbọ́ ní Aran, ti ọkùnrin kan tó pa bàbá rẹ̀, tí àwọn ará erékùṣù fi pamọ́ títí tó fi rí ọkọ̀ wọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà.

Àwọn èrò ìwòran bínú. Nígbà tí Christy dárúkọ ṣìmí obìnrin ni ariwo bẹ́. Lady Gregory tẹ wáyà sí Yeats, tó wà ní Scotland lọ́jọ́ náà, pé ọ̀rọ̀ ṣìmí ló tú eré ká. Ní ọ̀sẹ̀ náà, ọlọ́pàá ló ń dúró nínú gbọ̀ngàn kí àwọn òṣèré tó lè ṣe é parí. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n mú àwọn òṣèré náà ní Philadelphia ní 1912. Synge kò sí láyé mọ́ nígbà yẹn. Àrùn Hodgkin pa á ní oṣù Kẹta ọdún 1909, kó tó pé ẹni ọdún 38, kó tó gbé Molly Allgood, òṣèré tó ṣe Pegeen Mike, níyàwó. Deirdre of the Sorrows, tó ń kọ lọ́wọ́, kò parí.

Àwọn mìíràn gba Lọ́ńdọ̀nù lọ. Oscar Wilde fi The Importance of Being Earnest fọ́ àwọn ọlọ́lá Lọ́ńdọ̀nù lójú ní 1895, ọdún náà gan-an sì ni wọ́n jù ú sí ẹ̀wọ̀n ọdún 2 nítorí pé ó ń bá ọkùnrin lò. Ó kú ní Paris ní 1900. George Bernard Shaw, tó kúrò ní Dublin ní 1876, tó sì gba Ẹ̀bùn Nobel ti 1925, kọ Pygmalion, níbi tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan ti yí ohùn ọmọbìnrin tó ń ta òdòdó padà tí ẹnikẹ́ni kò fi mọ ibi tó ti wá mọ́. Ó hàn sí mi pé ẹni tó bá Írẹ́lándì wọ Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ohùn tirẹ̀ lẹ́nu nìkan ló lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti rí.

Sean O'Casey ni mo máa ń padà sí. Àárín àwọn tálákà Dublin ni wọ́n bí i sí ní 1880, ojú dùn ún láti kékeré, iṣẹ́ lébìrà ló sì ń ṣe títí ó fi lé ní ẹni ogójì ọdún. Juno and the Paycock àti The Plough and the Stars fi ohùn àwọn tálákà tó há mọ́ra nínú ilé kan ṣoṣo sórí ìtàgé nígbà tí àwọn olóṣèlú ń sọ̀rọ̀ ìtàjẹ̀sílẹ̀ níta. Ní 1926 rògbòdìyàn tún ṣẹlẹ̀ ní Abbey, nítorí pé ó mú àsíá àwọn ajàjàgbara wọ ilé ọtí tí aṣẹ́wó wà; Yeats gun orí ìtàgé, ó ní wọ́n tún ti dójú ti ara wọn.

Ti Samuel Beckett ta kókó díẹ̀. Ó sá fún Gẹ̀ẹ́sì fún ìgbà kan, ó fi èdè Faransé kọ eré tí a mọ̀ sí Waiting for Godot, wọ́n sì ṣe é ní Paris ní 1953. Ṣùgbọ́n nígbà tí òun fúnra rẹ̀ tú u sí Gẹ̀ẹ́sì, Írẹ́lándì yọ́ wọlé padà. Vladimir sọ fún Estragon pé kó dìde kí òun gbá a mọ́ra, ọ̀rọ̀ tó sì fi so gbólóhùn méjèèjì pọ̀ jẹ́ èyí tí ará Lọ́ńdọ̀nù kò lè lò bẹ́ẹ̀, ó bọ́ sí Yorùbá láìfarapa: “Dìde kí n gbá ọ mọ́ra.”

Ẹni tó wá gbé ọ̀rọ̀ èdè náà gan-an sórí tábìlì ni Brian Friel, olùkọ́ ilé ìwé láti Àríwá Írẹ́lándì, tí wọ́n bí ní 1929 tó sì kú ní 2015. Translations, tí òun àti òṣèré Stephen Rea gbé jáde ní Derry ní 1980, ṣẹlẹ̀ ní abúlé Baile Beag ní 1833. Àwọn ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì dé láti ya àwòrán ilẹ̀, wọ́n sì ń sọ gbogbo odò, òkè àti oríta di orúkọ tó máa rọrùn fún ahọ́n wọn. Owen, ọmọ abúlé náà, ni ògbufọ̀ wọn. Wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀, Roland ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ oríta kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní orúkọ kànga kan. Kànga ti gbẹ láti ìgbà pípẹ́, ọkùnrin tó kú sínú rẹ̀ sì ti di ẹni ìgbàgbé. Owen nìkan ló rántí, nítorí pé bàbá àgbà rẹ̀ sọ ọ́ fún un. Ó béèrè bóyá ó yẹ kí a pa orúkọ mọ́ fún ìtàn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ mọ́. Ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kékeré náà, Yolland, ló ní kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà Yolland di àwátì, olórí àwọn ṣọ́jà sì wá halẹ̀ pé àwọn máa pa ẹran ọ̀sìn, àwọn máa wó ilé. Ó ń ka àwọn abúlé náà ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tuntun, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tó ń wí, àfi bí Owen ṣe ń dá wọn padà sí orúkọ àtijọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ènìyàn lè mọ̀ pé ilé tiwọn ni. Sarah, ọmọbìnrin tí ọ̀rọ̀ kì í jáde lẹ́nu rẹ̀, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bí yóò ṣe dárúkọ ara rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, ni ṣọ́jà náà bi pé kí ni orúkọ rẹ. Ẹnu rẹ̀ ń mì, kò sí ohùn. Mo ti ka ibẹ̀ nígbà púpọ̀, ó sì ń dùn mí bákan náà ní gbogbo ìgbà.

Ohun tó mú inú mi dùn jù nínú gbogbo ìtàn yìí ṣẹlẹ̀ ní 2007. Bisi Adigun, ọmọ Yorùbá tó dá ẹgbẹ́ eléré Arambe sílẹ̀ ní Dublin ní 2003, jókòó pẹ̀lú òǹkọ̀wé Roddy Doyle, wọ́n sì jọ tún The Playboy of the Western World kọ. Abbey náà ni wọ́n ti ṣe é, ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn rògbòdìyàn àkọ́kọ́. Ẹni tó sá wọ ilé ọtí lọ́tẹ̀ yìí ni Christopher Malomo láti Nàìjíríà, ọmọ odó tí a fi ń gúnyán ló sì ní òun fi pa bàbá òun. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo sọ ọ́ fún wọn, lẹ́yìn náà wọ́n ní ọmọ odó wúwo, pé bàbá yẹn ò lè jí.

Mo ti tú Riders to the Sea tán báyìí. Gbólóhùn ìkẹyìn ló pẹ́ jù lọ́wọ́ mi, níbi tí Maurya ti ní kò sí ẹni tó lè wà láyé títí, pé kí ó sì tẹ́ wa lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Synge kò hun ọ̀rọ̀ náà látinú orí ara rẹ̀. Inú lẹ́tà kan ló ti rí i, èyí tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Aran fi èdè Írẹ́lándì kọ sí i láti túfọ̀ ìyàwó arákùnrin rẹ̀. Mo ka ohun tí mo kọ sétí ìyá mi, wọ́n mirí. Wọ́n ní kò sí abiyamọ tí òkú ọmọ rẹ̀ wà nílẹ̀ tó máa sọ pé ó tẹ́ òun lọ́rùn. Mo bi wọ́n pé kí ni yóò wá sọ. Wọ́n gbé abẹ́rẹ́ ìhun wọn lé ẹsẹ̀, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Kò sẹ́ni tí ò ní kú. Ká ṣáà gbà fún Ọlọ́run.” Mo fa lálà sí tèmi, mo sì fi pẹ́ńsù kọ tiwọn sí ẹ̀gbẹ́ ìwé.